Tẹ́ńpìlì Àwọn Máyà Létí Ògiri Ilé Ìwé

Ojo ni mí, n kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti kékeré ni mo ti ń sá fún adìyẹ ọlọ́mọ, títí di òní n kì í sì í lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó bá ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n wá fi mí sí Enugu láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀, mo jókòó sórí ibùsùn ìyá mi ní Ìkirè, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ìyá mi ò bá mi sunkún. Ó ní ọdún kan péré ni, pé kí ni ọdún kan tó tí a ó fi máa ba ojú jẹ́. Ọdún kan ọ̀hún ti di mẹ́fà báyìí. Mo ṣì ń bẹ̀rù, àmọ́ ohun tí mo ń bẹ̀rù ti yàtọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà ní ìlú náà, èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gba yàrá ní àdúgbò Ogui, mo rí baba onílé níbi tó ti ń fọ ẹnu, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ọkùnrin náà ta sẹ́yìn. Ó wo ilẹ̀ yíká ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wá bi mí bóyá nǹkan mi ló jábọ́. Àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn ní láti gbé garawa omi rẹ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù orúnkún mi. Bí mo bá rí àgbàlagbà, orúnkún á fẹ́ tẹ̀, èmi á máa dì í mú, n óò wá dúró bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ èdè. Bí àwọn èrò inú kẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ó dá mi lójú pé èmi ni wọ́n ń sọ. Nígbà náà sì rèé, gbogbo ọjọ́ Ajé ni ìlú máa ń tì pa nítorí àṣẹ pé kí gbogbo èèyàn jókòó sílé. Ẹ ò ní gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ní Ogui, ọjà a dákẹ́, ilé ìwé a dákẹ́. Àwọn ará ilé wa á gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa ta ayò, ó ti mọ́ wọn lára. Èmi á ti ilẹ̀kùn mi, n óò gbé tábìlì tì í, n óò wá jókòó sórí tábìlì náà. Bí ìyá mi bá pè, n óò ní a wà ní ìsinmi. Ó máa ń bi mí ohun tí mo jẹ. Ọ̀kpa, oúnjẹ wọn tó jọ mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n ń gbé wá láti Ninth Mile ni mo máa ń jẹ láràárọ̀, èmi á ní mọ́ínmọ́ín ni mo jẹ, torí n kò fẹ́ kó máa rò pé wọ́n ń fún mi ní ohun tí kò mọ̀. Irọ́ kékeré báyìí ni mo fi ń tọ́jú ara mi àti ìyá mi.

Mo ní àwọn ìṣẹ́gun kéékèèké. Ọjọ́ kan mo sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo sì sọ fún awakọ̀ pé "ka ọ dị," bí wọ́n ṣe ń dágbére níbẹ̀. Ó dá mi lóhùn láì wẹ̀yìn, bíi pé ọmọ àdúgbò kan ló bá a sọ̀rọ̀. Mo rìn dé ilé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Nígbà tí ọdún àgùnbánirọ̀ parí, n kò padà sílé. Kò sí ohun tó ń dúró dè mí ní Ìkirè ju kí n máa bá ìyá mi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fi ń dín dòdò tà lọ, ilé ìwé aládàáni kan ní Independence Layout sì ní àwọn nílò tíṣà kíláàsì karùn-ún. Madam, ìyẹn obìnrin tó ni ilé ìwé náà, kì í pariwo. Bí inú bá ṣe ń bí i tó ni ohùn rẹ̀ ṣe máa ń lọ sílẹ̀ tó. Mo kọ́ láti máa bẹ̀rù ohùn jẹ́jẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè sọ inú mi fún ní ìlú náà ni Ìyá Chidinma. Ìjẹ̀ṣà ni, ó fẹ́ ọkùnrin kan láti apá Udi, ó sì ti lo bí ọgbọ̀n ọdún ní Enugu. Ìjọ àwọn Yorùbá la ti pàdé. Ó máa ń fi Yorùbá pe àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á fi òyìnbó dá a lóhùn, òun náà á fi Igbo bá wọn wí. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òun ti gbé níbẹ̀ pẹ́ ju ibi tí wọ́n ti bí òun lọ, síbẹ̀ bí nǹkan bá sọnù nínú agbo ilé ọkọ òun, ojú òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn Máyà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé ìwé fẹ́ ṣe àfihàn fún àwọn òbí, Madam sì pín àwọn èèyàn ayé àtijọ́ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì kẹfà gba Íjíbítì. Àwa gba àwọn Máyà. N kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Mo lọ sórí fóònù, mo kàwé nípa wọn títí bátìrì fi kú. Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò àti Guatemala ni wọ́n wà. Wọ́n fi òkúta kọ́ àwọn pírámíìdì tó ga ju igi igbó lọ, láì ní kẹ̀kẹ́ ẹrù, láì ní ẹṣin. Àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró ṣánṣán débi pé èèyàn ní láti tẹ̀ ba kó tó lè gùn ún. Lókè pátápátá ni ilé kékeré kan wà tó jẹ́ tẹ́ńpìlì. Bí ọba tuntun bá fẹ́ tẹ́ńpìlì tirẹ̀, ó lè má wó ti àtijọ́, ó kàn lè kọ́ tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, tí ti àtijọ́ á wà nínú rẹ̀ lódindi. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wọn sílẹ̀, igbó sì bò wọ́n. Àmọ́ àwọn ọmọ wọn ò tán. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ èdè wọn, wọ́n ń gbin àgbàdo.

Àgbàdo yẹn ló mú mi. Ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ni àgbàdo ti wá sọ́dọ̀ wa. Èmi tí wọ́n fi ògì tọ́ dàgbà, n kò mọ̀ rí pé àlejò ni àgbàdo. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní kí àgbàdo tó dáyé, nǹkan kan ni adìyẹ ń jẹ. Mo rò ó títí. Ọdún mélòó ni àgbàdo lò kí ẹnikẹ́ni tó yéé bi í pé níbo ló ti wá? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé tiwa ni? Mo mọ̀ pé ohun ọ̀gbìn ò ní ìṣòro ìwé ìgbéèlú, kò sì ní orúnkún tí yóò dójú tì í. Síbẹ̀ mo jowú àgbàdo.

Madam ti kìlọ̀ pé kò sówó páálí. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kòtò omi ìdọ̀tí sí ẹ̀yìn ilé ìwé, amọ̀ pupa tí wọ́n kó jáde wà létí ògiri ní òkìtì. Mo pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà márùn-ún, mo ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi amọ̀ náà kọ́ pírámíìdì kan, kí wọ́n tò wọ́n lọ́wọ̀ọ́wọ́ létí ògiri. Onígun mẹ́rin ló yẹ kí ó jẹ́, àmọ́ ọwọ́ ọmọdé àti òjò ìrọ̀lẹ́ sọ gbogbo igun di róbótó. Ìpele rẹ̀ ṣì hàn, ó ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sókè, ó sì ga tó àyà mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìkirè.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kosi ni olórí ọ̀wọ́ àárín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kì í jẹ́ kí ìbéèrè kan kọjá lọ. Ilé kékeré tó yẹ kó wà lókè ń wó lu ara rẹ̀ ṣáá. Ó wá bá mi pẹ̀lú amọ̀ lọ́rùn.

"Aunty, the house no gree stand. Where their god go come stay?"

Mo ní kí wọ́n wá igi tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n ki í bọ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní igi náà ni yóò dúró fún ilé òrìṣà wọn. Gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ. Wọ́n ki igi márùn-ún bọ orí márùn-ún, wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà sì bá wọn pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ṣàkíyèsí pé baba tó ń ṣọ́ géètì ti yéé gbá ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn. Ó ń gbá gbogbo ilẹ̀, bó bá dé ibẹ̀, á yí padà. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tètè dé, mo sì lọ wo bóyá òjò ti ba iṣẹ́ àwọn ọmọ jẹ́. Lẹ́sẹ̀ èyí tó wà láàárín, ẹnì kan ti fi ẹfun fa ìlà mẹ́rin sílẹ̀. Awẹ́ obì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Orí mi wú. N kò lè sọ pé mo rò ó lọ síbì kankan, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi padà sí kíláàsì. Mo jókòó síbẹ̀. Nílé, bí a bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a mọ ẹni tí a ó bi. Níbẹ̀, n kò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, n kò mọ ohun tó ń sọ, n kò sì mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọjọ́ yẹn ni òwe náà yé mi tán.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Kosi ò wá sí ilé ìwé. Wọ́n ní ibà ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá rẹ̀ wá, pẹ̀lú aṣọ tó hàn pé ó sùn nínú rẹ̀. Ó sọ pé ọmọ òun wà ní ọsibítù, wọ́n ń fa omi sí i lára, ibà ò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí ibà náà tó gbóná, ọmọ náà ya àwòrán nǹkan tí a kọ́ fún bàbá àgbà rẹ̀, ìyẹn bàbá ọkọ òun, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Bàbá wo ìwé náà, ó sì ní èyí kì í ṣe ti Mẹ́síkò.

"Ta ló rán ọ?" Bí ìyá náà ṣe bi mí nìyẹn. "Ṣé bí ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní ìlú yín nìyẹn?"

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, mo rántí baba onílé, mo wá dúró síbẹ̀ bí òpó. Ó ti lè rò pé ìgbéraga ni.

Ìyá Chidinma ló là mí lóye nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ní ilẹ̀ ọkọ òun, àwọn àgbà máa ń sọ pé láyé àtijọ́, àwọn ìlú kan wà lọ́nà ibẹ̀ tí wọ́n ti ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, amọ̀ pupa, róbótó, onípele, ó ń kéré lọ sókè. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tò ó. Wọ́n ń ki igi bọ orí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òrìṣà ilẹ̀ náà ń gbé. Òjò àti ìsìn tuntun ti pa á rẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí i rí, àmọ́ wọ́n gbọ́ ọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń wo ojú mi. Mo ń ka ohun tí mo ti ṣe lọ́kàn mi, amọ̀ pupa, róbótó, márùn-ún, igi. Mo ti lọ wá àwọn Máyà dé òkè òkun, mo wá kọ́ ojúbọ àwọn baba ńlá onílùú síwájú ilé wọn.

"Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀," ni Ìyá Chidinma wí. "Di ẹrù ẹ. Bí ọmọ yẹn bá kú, wọn ò ní bi ọ́ ní ohun tí fóònù sọ."

Mo pe ìyá mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò purọ́ fún un lórí fóònù láti ìgbà tí mo ti dé Enugu. Ó gbọ́ mi dé òpin.

"Ìwọ lo kọ́ ọ?"

"Àwọn ọmọ ni, Mọ́mì. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ́ ọ."

"Máa bọ̀ nílé," ló wí, ó sì pa fóònù.

Mo di ẹrù náà lóòótọ́. Mo ká aṣọ, mo tú u, mo tún un ká. Kì í ṣe ìgboyà ló dá mi dúró, ẹ má fi ìyẹn yìn mí. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù pé bí mo bá lọ, n kò ní mọ̀ títí láé bóyá ọmọ yẹn yè, pé n óò máa gbé inú ilé ìyá mi, n óò máa gbọ́ ohùn Kosi tó ń bi mí pé níbo ni òrìṣà yóò gbé. Àjò ò dùn kí onílé má relé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé mìíràn wà tí èèyàn ò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ̀.

Ní Ọjọ́rú, Madam pè mí sí ọ́fíìsì. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tán. Ó ní òbí mẹ́ta ti ní àwọn yóò kó ọmọ wọn kúrò. Ó ní ní ọjọ́ Ẹtì, bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, àwọn òbí yóò péjọ, pásítọ̀ kan tó jẹ́ òbí náà yóò gbàdúrà, èmi tí mo gbé e kalẹ̀ ni n óò sì fi ọwọ́ ara mi wó o. Bí n kò bá fẹ́, kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Mo bi í bóyá àwọn òṣìṣẹ́ tó gbẹ́ kòtò ò lè bá mi wó o, nítorí iṣẹ́ ọkọ́ ò mọ́ mi lọ́wọ́. Ó wo fèrèsé. Ó ní wọ́n ti kọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Chidinma, ó pòṣé. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó bi mí bóyá kò sí ọkùnrin nínú gbogbo ilé ìwé náà. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ géètì kọ̀, dírẹ́bà Madam ò tiẹ̀ jẹ́ páàkì mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ mọ́. Onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń pariwo pé amọ̀ lásán ni. Bó bá jẹ́ amọ̀ lásán ni, kí ló dé tí kò sí ọwọ́ tó fẹ́ kàn án àfi ọwọ́ mi?

Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kó tó béèrè. Bí nǹkan kan bá máa tẹ̀yìn rẹ̀ jáde, kó jáde sí ẹni tí wọn ò ní sin sí ìlú wọn.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ìyá Chidinma bá mi lọ, ó ní òun ò ní jẹ́ kí n dá dúró láàárín wọn. Àwọn òbí bí ogún ló wà níbẹ̀, wọ́n dúró jìnnà sí ògiri ju bó ṣe yẹ lọ. Pásítọ̀ gbàdúrà láti ibi tó dúró. Ìyá Kosi wà níbẹ̀, kò wò mí. Mo fẹ́ bi í báwo ni ọmọ ṣe wà. Madam na ọkọ́ sí mi, èèkù rẹ̀ síwájú. Mo gbà á.

Mo ti dé ẹ̀gbẹ́ èyí àkọ́kọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà lẹ́yìn mi. Bàbá àgbà Kosi ni. Mọ́tò ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá láti ọsibítù. Awakùsà ni nígbà tí wọ́n ṣì ń wa èédú ní ìlú náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò tẹ̀. Igbo ló sọ. Ìyá Chidinma ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí.

"Ó ní ọmọ ta ni ẹ́."

Madam dáhùn pé tíṣà ni mí. Bàbá mi orí.

"Ó ní òun mọ̀ pé tíṣà ni ẹ́. Ó ní ọmọ ta. Ó ní bí nǹkan bá ṣe ẹ́ nítorí iṣẹ́ yìí, ilẹ̀kùn ilé ta ni àwọn yóò lọ kàn? Ta nínú wọn ló mọ ọ̀nà ilé ìyá ẹ?"

Pásítọ̀ ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ ibi tí Ìkirè wà, títí kan Madam tó kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi. Orúnkún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀, n kò lè dì í mú mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú amọ̀ níwájú ọkùnrin náà. Òun kò ta sẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó fi ọwọ́ kejì gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí Ìyá Chidinma ò túmọ̀. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní bàbá náà sọ fún ilẹ̀ pé ọmọdé ló ṣe é, pé àlejò ló kọ́ wọn, pé bí ìbéèrè bá wà, kí ó wá bá òun, òun ni ọmọ onílẹ̀. Ó wá fa igi orí èyí àkọ́kọ́ yọ, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbé ọkọ́ sókè.

Ó pẹ́ kó tó wó ẹyọ kan. Àárẹ̀ mú un, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo dìde láti ràn án lọ́wọ́, ó na ọwọ́ dá mi dúró. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, baba tó ń ṣọ́ géètì wá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ló sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà pé òun ló fi ẹfun àti obì síbẹ̀. Ó ní àràárọ̀ ni òun ń kọjá níwájú rẹ̀, òun ò mọ ẹni tó jẹ́, òun kò sì lè máa kọjá níwájú àgbà láì kí i. Láàárín àwọn òbí, ọkùnrin méjì wá ràn án lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Àwọn yòókù lọ sílé.

Kosi padà sí ilé ìwé ní ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó ti rù, etí rẹ̀ tóbi lórí rẹ̀, ó sì ti ní ìbéèrè mẹ́ta kó tó jókòó. Ibà àti taifọ́ìdì ni dókítà rí. Ìyá rẹ̀ fi ike ọ̀kpa kan rán an sí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Madam ò lé mi, kò sì bẹ̀ mí.

Ẹ ó rò pé ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Ohun tó yẹ kó wá sórí mi ni ọkùnrin arúgbó yẹn fi orí ara rẹ̀ gbà, bí ó bá jẹ́ pé ohun kan wà tó ń bọ̀. Láràárọ̀, kí n tó pe orúkọ àwọn ọmọ, n óò kọ́kọ́ wo ojú Kosi. N óò wá bi í pé bàbá àgbà ń kọ́. Á ní Papa wà. Bí Kosi bá pẹ́ dé, inú mi á ti fu, n óò máa wo géètì, àwọn ọmọ á máa pariwo, n kò ní gbọ́ wọn. Ọjọ́ kan tó ní Papa ń wúkọ́, n kò lè kọ́ wọn ní ìṣirò. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bi í bẹ́ẹ̀, láì fi ọjọ́ kan sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó wọlé, ó gbé báàgì kalẹ̀, ó sì wò mí bí àwọn ọmọdé ṣe ń wo àgbàlagbà tó ti sú wọn.

"Aunty, Papa dey. You and Papa una too dey worry. Every day wey I reach house, before I pull shoe, na him first question: your teacher come school today?"